Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú Ilé Àwọn Mọ́ńkì



Ní ọdún 1980 ni Umberto Eco, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Bologna, gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Il nome della rosa. Àwọn kan ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lásán ni. Pé ó jẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, mo gbà. 'Lásán' yẹn ni n kò gbà.

Ọdún 1327 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀, láàárín ọjọ́ méje, nínú ilé àwọn mọ́ńkì kan lórí òkè ní àríwá Ítálì. Nígbà náà, Póòpù John Kejìlélógún, tí ó fi Avignon ṣe ibùjókòó, ń bá àwọn ọmọlẹ́yìn Francis Mímọ́ fa ọ̀rọ̀ bóyá Kristi àti àwọn àpọ́sítélì ní ohun ìní. Ẹni tí ó bá ní wọn kò ní, ọrọ̀ Ìjọ ló ń nàka àbùkù sí. Nítorí aáwọ̀ yìí ni William ará Baskerville, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe wá, pẹ̀lú Adso, ọ̀dọ́mọdé mọ́ńkì tí ó di arúgbó kí ó tó kọ ìtàn náà sílẹ̀.

Mọ́ńkì kan ti já láti òkè kú kí wọ́n tó dé. Wọ́n bá èkejì nínú ìkòkò ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀kẹta nínú omi ìwẹ̀. Arúgbó kan rántí ìpè méje inú Ìwé Ìfihàn: yìnyín, ẹ̀jẹ̀, omi. William tọ ipa ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Jorge, mọ́ńkì afọ́jú tí ó fi májèlé sí ojú ewé ìwé kan. Ẹni tí ó bá fi ahọ́n kan ìka láti ṣí i, ikú ló lá. Ìwé wo? Apá kejì iṣẹ́ Aristotle lórí ewì, èyí tí ó dá lórí àwàdà, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ìlànà tí William tọ̀ kò sí rárá. Ẹni àkọ́kọ́ pa ara rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ló gbé òkú èkejì sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá ti bá Lápàdé rìn nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mọ adùn tí a ń retí nígbà tí àṣírí bá tú. Eco já adùn yẹn gbà lẹ́nu wa: ọ̀nà tí kò tọ́ ló gbé ọlọ́gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà apànìyàn.

Kí ló dé tí Jorge fi ń pa ènìyàn nítorí ẹ̀rín? Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé àgbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nídìí ọtí, ìyẹn kò bà á lẹ́rù. Ẹ̀rù ń bà á pé bí Aristotle bá gbè sẹ́yìn ẹ̀rín, ẹ̀rín yóò di ẹ̀kọ́, ẹni tí ó bá sì kọ́ ọ kò ní bẹ̀rù mọ́. Lójú tèmi, àlàyé rẹ̀ mọ́gbọ́n dání ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fòfin de ìwé lọ, ohun tí ó sì mú un léwu nìyẹn.

Jorge jẹ ìwé náà mọ́ra, iná sì ran ilé ìkówèésí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Adso padà wá ṣa àjákù tí ó kù nínú àwókù. Ó kó wọn sí àpò, ó sì fi ìyókù ayé rẹ̀ gbìyànjú láti kà wọ́n.