Kí lo jẹ kó o tó wọ pápá?



Àṣìṣe tèmi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù ní Kaduna, ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí bọ́ọ̀lù ń gbọ́ tiẹ̀. Ní ìlàjì àkọ́kọ́, ẹni méjì kò lè dá a dúró. Tó bá di ìlàjì kejì, bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta sọnù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á máa rìn níbi tó yẹ kó ti sáré. Mo pè é ní ọ̀lẹ lójú gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ tí àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù wá wò wọ́n, ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ ni pé kò lókun. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò jẹ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń dáná nílé wọn, ìrọ̀lẹ́ sì ni.

Agbábọ́ọ̀lù tó ń gbá àárín pápá lè rin kìlómítà 10 sí 12 láàárín ìṣẹ́jú 90, kó sì sáré púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣúgà tí ara ti kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó fi ń ṣe é. Inú ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì, àgbàdo àti gàárì la ti ń rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Bengt Saltin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Sweden, ṣàyẹ̀wò àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó rí i pé àwọn tí ìpamọ́ yìí kéré lára wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kì í lè sáré tó àwọn yòókù, ìrìn ni wọ́n ń rìn ṣáá, pàápàá ní ìlàjì kejì. Ọmọ Kaduna mi gan-an nìyẹn.

Kò sì mọ sórí eré sísá. Ọpọlọ náà ń lo ṣúgà. Tó bá ti lọ sílẹ̀, ojú kì í tètè rí ẹnìkejì tó dá wà, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó rọra gbá á di èyí tó gbá jù. Àwọn òǹwòran á ní ọmọ náà ò mọ bọ́ọ̀lù mọ́. Ebi ni, ẹ̀yin èèyàn mi.

Nígbà tí Arsène Wenger ti Japan dé Arsenal ní 1996, oúnjẹ wà lára ohun tó kọ́kọ́ yí padà. Ó gba ṣokoléètì lọ́wọ́ wọn, ó kó ẹja, adìyẹ àti ẹ̀fọ́ sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kùn dáadáa. Ní 1998, wọ́n gba ife Premier League àti FA Cup pọ̀. N kò ní oúnjẹ nìkan ló ṣe é o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún kùn.

Kò dìgbà tá a bá ra oúnjẹ òyìnbó. Ìrẹsì ẹlẹ́ja àwọn ará Dakar, attiéké àwọn ará Abidjan, wààkyé àwọn ará Accra, tùwó Kano, gbogbo wọn ló dára. Àsìkò ló ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ọlọ́ràá ní wákàtí kan ṣáájú eré, inú rẹ̀ ṣì ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ń bèèrè agbára. Ẹ jẹ ẹ́ ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú. Tó bá ku wákàtí kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì ti tó. Lẹ́yìn eré, ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja ni kẹ́ ẹ wá, kí iṣan lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀jẹ̀ ń lọ lára yín lóṣooṣù, ẹ má fi ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ ṣeré. Ẹ fi ọsàn tẹ̀lé ẹ̀wà, kì í ṣe tíì.

Omi ńkọ́? Tí ẹni tó wọn kílò 60 bá fi òógùn pàdánù kílò kan àti díẹ̀, eré rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Nínú ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tó wáyé ní Íjíbítì ní 2019, wọ́n ń dá eré dúró nítorí ooru kí wọ́n lè mumi. Páràga kì í ṣe omi. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn mọ ara yín.

Ẹ̀yin tó ń gbààwẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, Leicester ń bá Crystal Palace gbá nígbà tí oòrùn wọ̀. Gólì Palace fà á díẹ̀ kó tó gbá bọ́ọ̀lù, kí Wesley Fofana àti Cheikhou Kouyaté ọmọ Senegal lè ṣínu. Kelechi Iheanacho wa ló padà gbá èyí tí Leicester fi borí 2-1. Tí wọ́n bá lè ṣe é níbẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ló kù tí kò lè sún ìgbáradì sí ẹ̀yìn ìṣínu? Sàárì sì rèé, ẹ má sùn kọjá rẹ̀.

Ní pápá wa báyìí, àwọn òbí ń dáwó jọ. Ẹ̀kọ mímu àti àkàrà ń dé ní aago méje àárọ̀ Sátidé, eré ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Ọmọ tí mo pè ní ọ̀lẹ ti ń wa kẹ̀kẹ́ Maruwa báyìí. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó sí wàhálà, ọ̀gá.

Ó yá, ẹ béèrè ìbéèrè yín.