Ẹni Tó Wà Lórí Bẹ́ǹṣì, Tiwa Náà Ni
Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa

 

Ọ̀rọ̀ tíìmù bọ́ọ̀lù wa ni mo bá wá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi họ́kì orí yìnyín tí wọ́n ń gbá ní Amẹ́ríkà àti Kánádà bẹ̀rẹ̀. Nínú líìgì wọn tó ga jù, NHL, eléré 23 ni tíìmù kan lè ní lórí ìwé fún ọ̀pọ̀ jù lọ sáà. Ogún péré ló ń wọṣọ lọ́jọ́ ìdíje. Kípà méjì ló wà nínú wọn, ẹyọ kan ló sì ń ṣọ́lé. Tí tíìmù bá ti kún fún àgbà ọ̀jẹ̀, ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá gan-an lè má ríbi dúró. Kì í ṣe pé kò dáa o, àyè ni ò sí.

Kípà kan wà tó ń jẹ́ Jordan Binnington. Ọdún 2011 ni St. Louis Blues mú un. Ọdún ń gorí ọdún, àwọn míì ló wà níwájú ẹ̀, líìgì kejì ló ń gbá. Ní sáà 2017 sí 2018, Blues ò tiẹ̀ ní tíìmù tiwọn nínú líìgì kejì yẹn. Wọ́n yá a fún Providence, tíìmù tó wà lábẹ́ Boston Bruins. Ó lọ, ó sì ń gbá a.

Nígbà tó di January 2019, Blues ló wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú tíìmù 31. Ní ọjọ́ 7 oṣù yẹn, wọ́n ní kí Binnington bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Philadelphia ò rí góòlù kankan jẹ, 3-0. Ọmọ ọdún 25 ni. Ní June 12, wọ́n na Boston mọ́lé ní 4-1, Blues sì gba ife Stanley Cup fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìṣòro tíìmù ló ṣílẹ̀kùn fún un lóòótọ́, àmọ́ gbígbá tó ń gbá ní gbogbo ọdún yẹn ló jẹ́ kó lè wọlé. Ká ní wọ́n kàn fi jókòó ni, á ti dógùn-ún.

Ẹ wá wo tiwa. Ọmọ 34 ló jáde wá fún tíìmù ìlú, jẹ́sì 18 la ní. Mẹ́rìndínlógún padà sílé, àwọn kan ti kúrò lórí WhatsApp wa. Mo kọ́kọ́ bú wọn pé wọn ò ní sùúrù. Mo tọrọ àforíjì. Níbo la ní kí wọ́n ti máa gbá a tí wọ́n fi máa ní sùúrù?

Ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀: ẹ jẹ́ ká dá tíìmù kejì sílẹ̀. Ẹ fún wọn ní jẹ́sì àtijọ́ àti ìdíje kan lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹ̀yin ọmọ 16, ẹ padà wá. Ọjọ́ tá a máa nílò yín ò ní kàn wá sọ fún wa tẹ́lẹ̀.

 Ìlú wa á dára.