Ìrìn-àjò Èmi àti Ìyá Mi sí Windermere

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò kan ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi wá kí mi láti Ìbàdàn. Elùbọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ a, b, d. Nígbà tí mo gba ìsinmi, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ gbatẹ́gùn níbi tí òkè àti omi wà." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ibi àwọn olówó nìyẹn?"

Windermere ni à ń lọ, ní apá àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú kékeré ni. Adágún omi kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 17. Òun ló tóbi jù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkè sì yí i ká.

A wọ rélùwéè ní Euston. Ọkọ̀ ńlá tí a wọ̀ kò dé Windermere. Ní ìdíkọ̀ kan tó ń jẹ́ Oxenholme la ó ti sọ̀ kalẹ̀, ká wọ ọkọ̀ kékeré. Bí a kò bá sọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ á gbé wa lọ sí Scotland. Mo kọ orúkọ ìdíkọ̀ náà gàdàgbà sínú ìwé pélébé kan, mo ní kí ìyá mi máa bá mi ṣọ́ ọ. Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe.

Àfi bí oorun ṣe gbé mi lọ! Ìyá mi kò sùn. Ibikíbi tí ọkọ̀ bá dúró, wọ́n á wo pátákó, wọ́n á wo ìwé ọwọ́ wọn. Lójijì, wọ́n gbá mi léjìká. "Dìde! Ibí nìyí!"

Mo ní, "Màmá, ta ló sọ fún yín?"

Wọ́n ní, "Ta ni ì bá sọ fún mi? Èmi ni mo kà á. Wo lẹ́tà tó dà bí igi méjì tó dábùú ara wọn yìí. Kò sí nínú a, b, d tiwa."

X ni wọ́n ń wí. A gbé ẹrù, a sáré sọ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi lọ.

Ọ̀rọ̀ olówó tí ìyá mi sọ yẹn, ó ní ìtàn. Ní ọdún 1844, wọ́n fẹ́ la rélùwéè dé ibẹ̀. Akéwì ńlá kan, William Wordsworth, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé òun kò fẹ́. Ó ní èrò yóò pọ̀ jù, àti pé ẹni tí kò bá tíì kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ kò lè mọ adùn irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n rélùwéè dé Windermere ní ọdún 1847.

Ní ọdún 1930, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Alfred Wainwright, lọ síbẹ̀ fún ìsinmi láti Blackburn, ìlú àwọn tó ń hun aṣọ. Ọmọ ọdún 13 ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́. Ó gun òkè kékeré kan, Orrest Head, nítòsí ìdíkọ̀ Windermere. Ohun tó rí níbẹ̀ yí ayé rẹ̀ padà. Láti 1955 títí di 1966, ó kọ ìwé méje nípa àwọn òkè agbègbè náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ gbogbo ojú ìwé wọn, bí ẹ̀yin náà ṣe ń kọ tiyín.

Èmi àti ìyá mi gun òkè yẹn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, adágún náà tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, òkè wà lẹ́yìn òkè. Ìyá mi jókòó, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ ìwé pélébé wọn, wọ́n ní, "Kọ orúkọ ibí yìí náà sí i fún mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó kàwé tó lọ́mọ, òun ló sùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló jí i. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ lọ́la, ẹ má ṣe sùn o. Ẹ ka pátákó.