Àìsàn Kì í Bẹ̀rẹ̀ Lọ́jọ́ Tó Gbé Ni Ṣánlẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, ẹ̀wà ni mò ń tà, ìwé girama ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, mo ti bi àwọn dókítà ní ìbéèrè títí ó fi sú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń dùn wá. Gbogbo wa la mọ ẹgbẹ́ wa tó ṣubú nídìí ata lọ́jọ́ ọjà, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́. Ọjọ́ kẹta ló kú. Ohun tí à ń sọ ni pé, "Ṣebí ó ń tajà títí di ọ̀sán! Ṣebí ó ń rẹ́rìn-ín!" Kó tó di alẹ́, wọ́n ti ní ẹni tó bá a jà lórí ààyè ìsọ̀ ló lọ́wọ́ sí i. Ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ. Láti ìgbà náà, ìyá yẹn ò wá sípàdé mọ́. Èmi akọ̀wé wà níbẹ̀, n ò sì la ẹnu mi.

Ẹ wo ẹ̀wà. Kòkòrò á yé ẹyin sí i lára, tíntín báyìí. Ọmọ rẹ̀ á lu ẹ̀wà wọlé, á máa jẹ inú rẹ̀. Lójú wa, ẹ̀wà ṣì dára, a ṣì ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ tí a bá rí ihò roboto, ọjọ́ tí kòkòrò jáde la rí yẹn, kì í ṣe ọjọ́ tó wọlé. Ihò yẹn ni àwa ń pè ní àìsàn. Àwọn dókítà ní ẹ̀kọ́ kan, pathology, tó jẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ihò tó yọ ni wọ́n ń wá: kí ló fà á, ọ̀nà wo ló gbà, kí ló bàjẹ́ nínú ara. Ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, tẹ ìwé jáde ní 1858 pé inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ tíntìntín tí a fi kọ́ ara, ni àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ká mú ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ọkàn ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ á máa ti ara òpó tó ń gbà kọjá. Ipá tó fi ń tì í ni ìfúnpá. Tó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbàkigbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti ń ru nìyẹn. Ohun tó ń fà á pọ̀: ìdílé, ọjọ́ orí, ara tó sanra jù, ọtí, iyọ̀. Iyọ̀ ni tiwa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, bíi ṣíbí ìpo-tíì kan, iyọ̀ inú máàgì sì wà nínú rẹ̀ o. Ẹ lọ wo ìkòkò ọbẹ̀ yín.

Ara náà kì í jókòó wò ó. Òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń tì á máa nípọn, bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gúnyán ṣe ń le. Bó ti ń nípọn ni inú rẹ̀ ń há. Ọkàn á wá máa ṣiṣẹ́ jù, òun náà á ki, á sì rẹ̀ ẹ́ níkẹyìn. Asẹ́ inú kíndìnrín á máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí lè gba ọdún 10, ọdún 20, kí orí má tilẹ̀ fọ́ ni. Lọ́jọ́ kan ṣá, òpó kan nínú ọpọlọ á bẹ́, tàbí kó dí. Ibi tí kò rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ apá òsì ọpọlọ, apá ọ̀tún ara ló máa ń rọ.

Àkọ́bí olóògbé ló ní kí n sọ èyí. Nígbà tí a palẹ̀ ẹrù ìyá rẹ̀ mọ́, a rí káàdì ọsíbítù. 180 lórí 110 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọdún 6 ṣáájú ọjọ́ tó ṣubú. Ó lo oògùn fún oṣù kan, ó dá a dúró. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo ní kí ni mò ń lo oògùn fún nígbà tí nǹkan kan ò ṣe mí. Oògùn yẹn kì í wò ó tán, ó ń dì í mú ni. Ìjà orí ìsọ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ 3 péré ló ṣáájú. Ẹnìkan á ní ìbínú máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè. Òótọ́ ni, fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ń bàjẹ́ láti ọdún 6, ẹ má gbé e ka ìjà ọ̀sẹ̀ 3 lórí.

Ẹgbẹ́ ti ra ẹ̀rọ tí a fi ń wo ìfúnpá, ọwọ́ mi ló wà. Lọ́jọ́ ìpàdé, kí a tó dáwó, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ká wò ó. Tèmi lánàá jẹ́ 138 lórí 86, pẹ̀lú oògùn. Ẹni tí owó oògùn bá nira fún, kó rí akápò níkọ̀kọ̀. Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí ẹ̀yáwó fún un láìsí èlé.

Lọ́jọ́ Àìkú, aago 4 ìrọ̀lẹ́, mò ń lọ sílé ìyá tí a lé kúrò láàrin wa, láti lọ bẹ̀ ẹ́. Àkọ́bí olóògbé ní òun á bá mi lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé wa, ká pàdé nídìí ìsọ̀ ẹ̀wà mi. Mo ti bá oníbọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ó lè gba èèyàn 14.