Ìrù Ajá: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú níbi Ìpàdé Ọdọọdún



Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ìrù ajá ni a fi ṣe ọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ajá ilẹ̀ òkèèrè, bí i Rottweiler àti Boxer, ti di ẹ̀ṣọ́ ní ilé púpọ̀ nínú wa, àwọn kan sì ń gé ìrù wọn nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí i nínú àwòrán. Ó yẹ kí a wádìí ohun tí a ń ṣe.

Àṣà náà ti pẹ́. Columella, ará Róòmù kan tí ó kọ̀wé nípa iṣẹ́ oko ní ohun tí ó lé ní 1,900 ọdún sẹ́yìn, ròyìn ìgbàgbọ́ àwọn darandaran pé bí a bá gé ìrù ọmọ ajá ní ọjọ́ 40 tí a bí i, kò ní ya dìgbòlugi. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Itọ́ ajá tí àrùn náà ń ṣe ni ó ń gbé e ká nígbà tí ó bá bu ẹlòmíràn jẹ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò rẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ.

Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn wí pé ẹ̀gún inú igbó a máa ya ìrù ajá. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Ìlú Ọba ní ọdún 2010 fi hàn pé a ó gé ìrù ajá bí 500 kí a tó gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ọgbẹ́ ìrù. Láti ọdún 2007 ni òfin England ti ka ìrù gígé léèwọ̀, àfi fún àwọn ajá iṣẹ́ kan. Dókítà ẹranko ni yóò sì gé e, kí ọmọ ajá náà tó ju ọjọ́ 5 lọ.

Àwọn mìíràn wà tí a bí pẹ̀lú ìrù kúkúrú, bí i púpọ̀ nínú ajá Corgi ti Pembroke ní ilẹ̀ Wales. Àjogúnbá ni èyí. Bí ọmọ ajá bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan, ìrù rẹ̀ yóò kúrú. Bí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, inú ìyá rẹ̀ ni yóò kú sí.

Àwọn àgbà wa ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ti ajá ju ti eṣinṣin lọ. Ìrù ni ó fi ń kí wa káàbọ̀. Òun náà ni ó fi ń sọ fún ajá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìjà kọ́ ni òun bá wá.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a fi ìrù ajá sílẹ̀ fún ajá. Owó tí à bá san fún agérù, ẹ jẹ́ kí a fi gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un lákòókò, nítorí àwọn ọmọ wa tí ń bá ajá ṣeré ní ojúde. Bẹ́ẹ̀ ni a fi ń tún ìlú ṣe. Kí ìlú wa ó máa gòkè sí i.