Ọyẹ́ Ti Dé, Ẹ Lọ Ya Oko Bàbá Yín

Ohun tí mo sọ gan-an la kọ sílẹ̀ fún yín yìí, a ò fi bẹ́ẹ̀ tún un ṣe.

Fọ́tò ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Kì í ṣe fọ́tò ara wa o, a ti ya ara wa tó. Fọ́tò ilẹ̀ ni mò ń sọ: òkè, oko, igi, ọ̀nà. Mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà á lórí òkè Adó-Àwáyè, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìlọrà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ gbéra.

Bàbá àgbà mi ní oko kan lẹ́yìn ìlú Ìlọrà. Ọsàn wà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, kaṣú díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣì wà ní yunifásítì, mo wá sílé lásìkò Kérésì, mo sì ya bàbá ní fọ́tò lóko. Fọ́tò náà dùn ún wò. Mo lo portrait mode, èyí tó máa ń sọ gbogbo ẹ̀yìn èèyàn di kùrukùru kí ojú ẹni lè yọ dáadáa. Mo gbé e sórí Instagram, àwọn èèyàn ń tẹ ọkàn pupa sí i títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú mi dùn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, bàbá lọ. Wọ́n gbó, wọ́n tọ́, a dúpẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n lọ ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lágbègbè wa. Ẹ sá mọ̀ pé àárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni Afijio wà. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ ra púlọ́ọ̀tì pamọ́ ń bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ààlà ṣe dé nìyẹn. Àwọn tí ilẹ̀ wọn bá tiwa pààlà ní ibi báyìí ni tàwọn dé. Àwọn bàbá wa ní rárá, pèrègún ni bàbá gbìn sí ààlà, kí gbogbo wọn jọ lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n máa débẹ̀, katapílà ti kọjá. Kò sí pèrègún kankan nílẹ̀ mọ́.

Ìyá mi wá pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ tó ń ya fọ́tò tọ̀sán-tòru, ṣé o ò ya oko yẹn rí ni?"

Mo ṣí fóònù mi. Fọ́tò tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Oúnjẹ tí mo jẹ. Bàtà tí mo fẹ́ rà. Èmi, èmi, èmi. Ti oko, ẹyọ kan ṣoṣo. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, àdá wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn wọn, ìlà kan wà tó dà bí ọṣẹ aláwọ̀ ewé tí omi ti bà. Ìlà yẹn ni pèrègún. Mo fẹ fọ́tò náà títí, kò sí ẹni tó lè sọ pé pèrègún ni. Kí katapílà tó dé rárá, èmi ti fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́.

Àwọn àgbà parí ọ̀rọ̀ náà nílé, ìdílé wa sì fi apá kan sílẹ̀ kí àlàáfíà lè wà. Mi ò sọ pé fọ́tò kan ṣoṣo ni ì bá dá ẹjọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ì bá jẹ́rìí. Èmi tó yẹ kí n ní ẹ̀rí lọ́wọ́, èmi náà ni mi ò ní.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo gbọ́ pé ayàwòrán kan fẹ́ kó àwọn èèyàn díẹ̀ lọ sí Adó-Àwáyè fún ọjọ́ méjì, láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ya ilẹ̀, mo sanwó lọ́jọ́ náà. Ọyẹ́ ló fi àsìkò rẹ̀ sí. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ọyẹ́, ìgbà tí ètè ń là, tí ojú ọ̀run ń dàbí eérú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lókè òkun, àsìkò tí ewé bá ń pọ́n tó sì ń wọ́, ṣáájú òtútù, ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ ń fi gbogbo ọdún dúró dè. Wọ́n máa ń sanwó ńlá láti tẹ̀lé olùkọ́ gun òkè nígbà náà. Ó ní, "Àwa náà ní tiwa, a kàn ń bú u ni."

Fìdítì la ti pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwa méje ni. Ẹni méjì ní kámẹ́rà gidi, fóònù ni tiwa. A ò tíì kọjá Ìlọrà tí ọ̀gá wa fi ní kí dírẹ́bà dúró. Ó ní ká dárúkọ igi mẹ́ta tí à ń wò. Ẹ gbà mí gbọ́, àwa méje, a ò lè dárúkọ ju méjì lọ. Mo mọ ọsàn, ẹlòmíràn mọ máńgòrò. Ó wá ń nàka sí wọn: èyí tí ewé ńláńlá rẹ̀ ti gbẹ, tó ń já bọ́ bí àwo, tíìkì ni. Èyí tó ga, tó ti bọ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀ pátá, àràbà ni. Èyí tí òdòdó pupa rò dirodiro lára rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù kéékèèké, igi irú ni. Ó ní, "Ẹ ò lè ya ohun tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọ̀ lásán lẹ máa yà."

A gba Ọ̀yọ́ kọjá, a gba Ìsẹ́yìn, a sùn ní Adó-Àwáyè. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá kan tó jẹ́ ọmọ ìlú náà ló ṣíwájú wa gun òkè. Àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀ jẹ́ 369. Mo fẹ́ kà á, mo gbàgbé iye tí mo kà dé níbi tí èémí ti ń já mi. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, bàbá ti sọ fún wa pé àwọn ibì kan wà lókè tí wọ́n ti ń bọ, bí òun bá ní ká má yà, ká má yà. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Nígbà tí a débẹ̀, ọ̀kan nínú wa tó ti Èkó wá kàn dúró, ó ní, "Ṣé ibi tí a wá nìyí? Kò sí ojú ọ̀run!" Lóòótọ́ ni. Eruku ti bo gbogbo ibẹ̀. Oòrùn yọ ní nǹkan bí aago méje, ó pupa, ó rọra ń gòkè, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wò ó lójú. Ọ̀gá wa ṣàlàyé pé aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń gbé eruku yẹn bọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, ibi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Ẹ wo ibi tí eruku ti gbéra kó tó dé orí ọbẹ̀ wa!

Ó wá ní ká má wo oòrùn mọ́, ká ka àwọn òkè. Èyí tó sún mọ́ wa dúdú. Èyí tó tẹ̀ lé e dà bí eérú. Ẹ̀kẹta funfun díẹ̀. Ẹ̀kẹrin, bí ẹ ò bá tẹjú mọ́ ọn, ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Eruku ló ń ṣe é. Bí ohun kan bá ṣe jìnnà tó ni eruku tó wà láàárín ẹ̀yin àti òun ṣe pọ̀ tó. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, gbogbo òkè yẹn máa lẹ̀ pọ̀ mọ́ra nínú fọ́tò. Ọyẹ́ ló máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí a rò pé ó ba iṣẹ́ wa jẹ́, òun gan-an niṣẹ́ náà.

Ó fún wa ní òfin kan: fọ́tò mẹ́wàá péré lóòjọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ pa èyíkéyìí rẹ́. Ariwo ta. Ó wá sọ ìtàn Ansel Adams, ayàwòrán ilẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1927, ó gun òkè kan ní Yosemite, ní Kalifọ́níà, láti ya àpáta tí wọ́n ń pè ní Half Dome. Dígí ló fi ń ya fọ́tò nígbà náà, ó wúwo, ó sì ń fọ́, èèyàn ò lè gbé púpọ̀. Nígbà tó máa débẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lò wọ́n tán. Ó yà á, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó ku dígí kan ṣoṣo. Ó wá ronú bí àpáta náà ṣe rí lára òun, ó fi gíláàsì pupa sí ojú kámẹ́rà kí ojú ọ̀run lè dúdú, ó sì tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò ìkẹyìn yẹn ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́.

Èmi o, kí n má parọ́, mo ti ná mẹ́sàn-án kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Òkè, oòrùn, adágún Iyake tó wà lórí òkè níbẹ̀, omi tó dúró jẹ́ẹ́ láàárín àpáta. Ó wá ku ẹyọ kan, mo gbé fóònù sápò.

Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá tó ṣíwájú wa dúró nítòsí ìsàlẹ̀ kó sinmi. Oko wà níwájú wa. Gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ, koríko ti pọ́n bí akàrà. Ṣùgbọ́n ìlà ewé tútù kan gba àárín kọjá, ó lọ tààrà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?" Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò mọ ọ̀nà ilé.

Wọ́n ní, "Pèrègún ni. Ààlà ni. Òun kì í bá ọyẹ́ wọ́wé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun. Ní ìgbà òjò, tí gbogbo ibi bá tutù, ẹ lè máà rí ààlà yẹn. Ìgbà ọyẹ́ gan-an ló máa ń yọ síta. Kérésì, ọyẹ́, ni mo ya bàbá àgbà mi. Àsìkò tó dára jù lọ fún un ni, mo sì fi kùrukùru bò ó.

Mo bèèrè bóyá mo lè yà á. Bàbá ní òun mọ ẹni tó ni oko náà, kí n yà á, ṣùgbọ́n kí n má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo yà á. Kò sí lórí Instagram mi, ẹ má lọ wá a.

Ó dáa. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín nìyí. Ọyẹ́ ti dé. Bí ẹ bá lọ sílé fún ọdún, ẹ lọ ya ilẹ̀ yín. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu ojú kámẹ́rà fóònù yín, eruku máa wà níbẹ̀. Ẹ jí ní kùtù, tàbí kí ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́. Ẹ pa portrait mode. Ẹ fìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù, kí ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá dúró síbi ààlà gan-an, kí ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ wọn àti ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ hàn. Ẹ ṣí location kámẹ́rà yín sílẹ̀, kí ibi tí ẹ wà àti ọjọ́ tí ẹ yà á lè wà nínú fọ́tò náà. Ẹ má sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán, ó máa ń fún un pọ̀, ó sì máa ń yọ àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kúrò. Bíi document ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè orúkọ. Kí lorúkọ igi yìí? Ta ló gbìn ín? Ta ni a jọ pààlà? Ẹ ká ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ìyẹn ò gba dátà.

Àwọn tí wọ́n lè dáhùn ṣì wà nílé báyìí. Ẹ má dúró dìgbà tí ìyá yín máa pè yín, bí tèmi ṣe pè mí.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ rora rìn lójú ọ̀nà, eruku pọ̀.