Kí Òjò Má Bá Wa Lábẹ́ Òrùlé Tí A Kò Tíì Parí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìjerò, ní Arámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ní Òkèmẹ̀sí àti ní gbogbo abúlé tó yí wọn ká, ọ̀rọ̀ oko ni a máa ń bá yín sọ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òrùlé ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má ṣe rò pé mo ṣìnà. Níbo ni kòkó tí ẹ sá gbẹ wà? Níbo ni àgbàdo tí ẹ fẹ́ gbìn wà? Abẹ́ òrùlé kan náà ni. Bí òjò bá wọ ibẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, iṣẹ́ ọdún kan lè bá omi lọ.

Àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló yẹ kí a pààrọ̀ páánù. Owó kòkó ti ń wọlé, òjò sì ti dá. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ó ṣe máa ń rí: owó iléèwé ọmọ á gba tirẹ̀, ìnáwó òkú á gba tirẹ̀, a ó ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ìjì inú oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin á wá ṣí ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé lọ, kò sì ní sí ọ̀nà mìíràn ju kí a kan ilé nínú òjò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká mọ́ bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ẹ má ṣe ṣí ju ibi tí ẹ lè bò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn káfíńtà mìíràn kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ó yá wọn lára láti tú gbogbo páánù palẹ̀ ní òwúrọ̀ kan, kí onílé lè rí i pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, pákó á tán, tàbí kí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ fojú kan iṣẹ́ tí àwọn gbà ní ìlú mìíràn, ilé á sì wà ní gbangba. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè, kí pákó, páánù tuntun, ìṣó páánù àti páánù tí wọ́n fi ń bo góńgó orí ilé ti pé nílẹ̀, kí ẹ sì ti kà wọ́n. Yàrá kan tàbí méjì ni kí ẹ máa ṣí lẹ́ẹ̀kan. Kí owó tó kẹ́yìn má kúrò lọ́wọ́ yín títí wọn ó fi bo góńgó.

Ilé alámọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí le sí jù. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ wa, amọ̀ ni wọ́n, bí a tilẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ wọn. Sìmẹ́ńtì yẹn kò bo orí ògiri. Láti orí ni omi ti ń wọnú amọ̀, tí yóò máa rọ̀ ọ́ nígbà tí ojú ògiri ṣì ń dán. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ lè má wó nígbà tí òjò ń rọ̀. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn ènìyàn ti padà sùn sí ìdí rẹ̀. Bí ògiri bá mu omi, tí ó là tàbí tí ó wú síta, ẹ kó gbogbo ará ilé kúrò nínú yàrá náà, ọmọdé àti arúgbó ni kí ẹ kọ́kọ́ kó. Ẹ má gbé igi tuntun lé e títí ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé amọ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni a ó fi bo ibi tí iṣẹ́ kò tíì dé? Púpọ̀ yín ní tapólìn tí ẹ fi ń sá kòkó. Ẹ fà á kọjá góńgó, kí ó wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì kọjá ògiri dáadáa. Bí ẹ bá parí rẹ̀ sí orí ògiri, inú ògiri ni ẹ darí omi sí. Ẹ má ṣe kan ìṣó mọ́ ọn lásán, afẹ́fẹ́ á fà á ya. Ẹ fi etí rẹ̀ wé pákó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá kan pákó náà mọ́ igi òrùlé. Ẹ fà á kí ó le. Ibi tó bá rọ̀ ni omi yóò jókòó sí: adágún tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré, kìlógírámù 100 ni. Àpò sìmẹ́ńtì 2 nìyẹn, lórí igi tí ikán lè ti jẹ.

Ẹni tí kò ní tapólìn, kí ó má tíì ta páánù àtijọ́. Bí ó tilẹ̀ dípẹtà, ó ṣì lè gba òjò ọ̀sẹ̀ kan. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ti òkè máa gun ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì dè é mọ́lẹ̀. Òkúta tàbí táyà tí a kàn gbé lé e kò tó.

Ìjì òjò wa sábà máa ń wá láti ìlà-oòrùn. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí a bẹ̀rẹ̀ títo páánù láti ìwọ̀-oòrùn, kí etí páánù tó wà lókè má baà kọjú sí ìjì. Ní Ẹ̀fọ̀n àti Òkèmẹ̀sí tí òkè yí ilé ká, atẹ́gùn lè yí ojú padà. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò níbi tí ìjì ti máa ń kọ lu ilé wọn. Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni òjò yìí wọ́pọ̀ sí, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, ẹ má sì ṣí ibi tuntun lẹ́yìn ọ̀sán gangan. Bí àrá bá ti ń sán, kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kó kòkó àti àgbàdo lọ sí ilé ẹbí tàbí aládùúgbò. Bí omi bá ti bá àgbàdo, ẹ tètè tún un sá. Èyí tó bá ti bu, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fún adìyẹ: oró kan wà nínú irú ìbu bẹ́ẹ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, sísè kì í sì í pa á. Kòkó tó bu, ẹ yà á sọ́tọ̀. Bí ẹ bá pò ó mọ́ èyí tó dára, gbogbo àpò náà ni oníkòkó yóò dín owó rẹ̀.